Àǹtí Abọ́ àti Búrẹ́dì Tó Ti Tutù

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé e sídìí òṣùwọ̀n ní ilé iṣẹ́ búrẹ́dì, obìnrin yìí wọn búrẹ́dì pọ̀ mọ́ abọ́. Abọ́ onírin kan wà tí wọ́n máa ń gbé ka orí òṣùwọ̀n kí èérún má baà dà sínú rẹ̀. Ó yẹ kó kọ́kọ́ gbé abọ́ náà lé e lófìfo, kó dá òṣùwọ̀n padà sí òdo, kó tó gbé búrẹ́dì sí i. Ó gbàgbé. Nígbà tí ọ̀gá rí i pé búrẹ́dì wúwo ju bó ṣe yẹ lọ, ó ní kí wọ́n dín ìyẹ̀fun kù kíá. Kó tó di ọ̀sán, búrẹ́dì tó ń jáde láti inú ààrò kò tóbi ju ẹ̀ṣẹ́ ọmọdé lọ. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Àǹtí Abọ́.

Àwọn kan máa ń sọ pé abọ́ ló fọ́ tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kò fọ́ nǹkan kan.

Ẹ̀kọ́ tó rí kọ́ nínú àṣìṣe náà dára, ṣùgbọ́n kò pé. Ó gbà pé bí òǹkà bá ṣì, nǹkan kan tàbí ẹnìkan ló fọwọ́ kan òṣùwọ̀n. Nítorí náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í fura. Ó ra pákẹ́ẹ̀tì iyọ̀ kan tó mọ ìwọ̀n rẹ̀, ó fi tépù wé e yípo, iyọ̀ náà ló sì ń kọ́kọ́ wọ̀n láràárọ̀ láti mọ̀ bóyá òṣùwọ̀n fẹ́ parọ́. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fara ti tábìlì rẹ̀. Bí ènìyàn bá sín nítòsí ibẹ̀, á yára bojú wo òǹkà. Nílé pẹ̀lú, bí ọkọ rẹ̀ bá ní òun ò tíì jẹun, á kọ́kọ́ ṣí ìkòkò wò ná.

"Gbogbo ayé lo ń fura sí," ọkọ rẹ̀ sọ fún un lọ́jọ́ kan. "Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́?"

"Mo ti wọn ara mi," ó dá a lóhùn. "Mo pé."

Iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣòroó ṣàlàyé. Ilé iṣẹ́ náà ń yan ọ̀pọ̀lọpọ̀ búrẹ́dì lójúmọ́, kò sì sí ẹni tó lè wọn gbogbo wọn tán kí ilẹ̀ tó ṣú. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé kí wọ́n mú díẹ̀ nínú wọn, kí díẹ̀ náà jẹ́rìí fún ìyókù. Mẹ́wàá ni Àǹtí Abọ́ máa ń mú. Á wọ̀n wọ́n níkọ̀ọ̀kan, á ro ìwọ̀n wọn pọ̀, á pín in sí mẹ́wàá. Ohun tó bá jáde ni à ń pè ní ìpíndọ́gba. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta gíráàmù ni wọ́n tẹ̀ sára ọ̀rá tí wọ́n ń di búrẹ́dì sí, nítorí náà ohun tí ọ̀gá ń retí láti gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn.

Mo fẹ́ tún nǹkan kan ṣe níbí, nítorí àwọn àgbàlagbà tó kàwé pàápàá máa ń ṣì í. Bí ìpíndọ́gba bá pé, kò sọ pé ohun kọ̀ọ̀kan pé. Bí ìyá kan bá bí ọmọ méjì, tí ọ̀kan ga dé àtẹ́rígbà, tí èkejì ṣì ń rá, tó wá rán aṣọ ìpíndọ́gba fún àwọn méjèèjì, kò sí èyí tí aṣọ náà máa bá mu nínú wọn. Ìpíndọ́gba kì í sọ bí nǹkan ṣe jìnnà síra. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìyẹn gbọ́dọ̀ wo àwọn nǹkan náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Òfin kan tún wà nínú iṣẹ́ náà tí gbogbo alábúrẹ́dì mọ̀: wọn kì í wọn búrẹ́dì gbígbóná. Omi tó wà nínú rẹ̀ kò tíì jáde tán, kì í sì í sọ òótọ́ àfi bó bá tutù. Àǹtí Abọ́ pa òfin yìí mọ́ bí ẹni ń pa ẹnu mọ́. Láràárọ̀, nígbà tí àwọn yòókù ṣì ń yọ èéfín, á lọ sídìí pẹpẹ onírin tó wà lẹ́bàá fèrèsé, níbi tí búrẹ́dì tó kọ́kọ́ jáde ti ń tutù, á sì mú mẹ́wàá rẹ̀ níbẹ̀. Kò sí ọjọ́ tó mú un níbòmíràn.

Ìgbà tí ẹ̀sùn dé, apá ìlú tó wà lẹ́yìn afárá ló ti wá. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù tó wà lápá ibẹ̀ ní búrẹ́dì ti fúyẹ́, pé àwọn oníbàárà ń gbé e sọ́wọ́, wọ́n ń fì í wò, wọ́n sì ń dá a padà. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù tó wà nítòsí kò sọ nǹkan kan. Ọ̀gá pe Àǹtí Abọ́ sínú ọ́fíìsì, ó ti ilẹ̀kùn.

"Kí ni ìpíndọ́gba àná?"

"Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ó lé méjì, sà."

"Ti ìjẹta ńkọ́?"

"Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta gẹ́lẹ́."

"Ó dáa. Búrẹ́dì pé níbí. Ó fúyẹ́ lẹ́yìn afárá. Kí ló wà láàárín ibí àti ẹ̀yìn afárá?"



"Mọ́tò ni," ọ̀gá dá ara rẹ̀ lóhùn. "Ta ló ń wà á?"

Àbúrò ọkọ rẹ̀ ló ń wà á. Òun fúnra rẹ̀ ló bẹ ọ̀gá kó gba ọmọkùnrin náà síṣẹ́. Ọmọkùnrin yìí kéré sí i lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ó ti wà nínú ẹbí kí wọ́n tó gbé e níyàwó, nítorí náà kò lè pè é lórúkọ. Ọkọ-mi-kékeré ló ń pè é. Àwọn ará ilé iṣẹ́ ń pè é ní Dírẹ́bà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba yàrá, ìyàwó rẹ̀ sì wà nínú oyún.

Ọ̀gá ní ilé búrẹ́dì kékeré kan wà lẹ́yìn afárá tí kò lórúkọ. Ó ní àwọn kan ti rí Dírẹ́bà níwájú ibẹ̀. Ó ní bí ènìyàn bá ní ọ̀rá wa lọ́wọ́, kí ló máa dí i lọ́wọ́ láti kó búrẹ́dì tiwọn sínú ọ̀rá wa, kó sì gbé èyí tó pé fún ẹlòmíràn? Ó fa dúrọ́ọ̀ rẹ̀ yọ, ó mú ọ̀rá ilé iṣẹ́ mélòó kan tí kò tíì gba búrẹ́dì jáde.

"Abẹ́ ìjókòó mọ́tò ni mo ti rí wọn. Bó bá di Sátidé, kó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Mo sọ fún ọ nítorí pé ìwọ lo mú un wá."

Àǹtí Abọ́ lè sọ pé irọ́ ni. Kò sọ ọ́. Ó rò ó wò, ó sì rí i pé ọ̀rọ̀ náà ń so pọ̀. Ọjọ́ kejì, lẹ́yìn iṣẹ́, ó gba ẹ̀yìn afárá lọ, ó ra búrẹ́dì kan ní ṣọ́ọ̀bù tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n, ó sì gbé e padà wá sórí òṣùwọ̀n rẹ̀. Irínwó gíráàmù ó lé ọgọ́ta. Ó kọ́kọ́ wọn iyọ̀. Iyọ̀ pé. Ó tún búrẹ́dì wọ̀n. Kò yí padà.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọmọkùnrin náà yà sílé wọn bó ṣe máa ń yà.

"Ìyàwó wa! Ẹ ò kí mi lónìí?"

"Ẹ káàbọ̀, Ọkọ-mi-kékeré."

"Ẹ kàn ń wò mí bí ẹni pé mo gbé òṣùwọ̀n yín mì."

Ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

"Kí lẹ máa ń ṣe níwájú ilé búrẹ́dì kékeré tó wà lẹ́yìn afárá?"

Ojú ọmọkùnrin náà yí padà. "Ta ló rí mi níbẹ̀?"

"Ènìyàn rí yín."

"Ibẹ̀ nìkan ni igi wà. Ṣé inú oòrùn lẹ fẹ́ kí n ti máa sinmi ni?"

"Ọ̀rá abẹ́ ìjókòó yín ńkọ́?"

"Ìjókòó ti ya. Mo fi dí i kí fóòmù má baà máa jáde. Àbí wọ́n ti ń ka ọ̀rá náà ni?"

Ìdáhùn wà fún gbogbo ìbéèrè, ìyẹn gan-an ló sì bà á lẹ́rù. Ẹni tí kò fi nǹkan pamọ́, kí ló dé tó fi kọ́kọ́ bèèrè ẹni tó rí òun? Nígbà tí wọ́n ku àwọn méjì, ọkọ rẹ̀ ní, "Àbúrò mi kì í jalè."

"Mi ò ní ó ń jalè."

"Kí lo wá ń sọ?"

"Mo ní búrẹ́dì fúyẹ́."

Ọkọ rẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí i. Àǹtí Abọ́ mọ̀ pé bí wọ́n bá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ọmọkùnrin náà, gbogbo ẹbí máa ní ìyàwó ló lé ọmọ àwọn kúrò níbi iṣẹ́. Bí wọn ò bá sì gbà á, tó jẹ́ pé olè ni lóòótọ́, òun ló mú olè wọ ilé ọ̀gá. Ó fẹ́ mọ̀ dájú kí Sátidé tó pé.

Ohun tó ṣe nìyí. Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, nígbà tí wọ́n ń to búrẹ́dì ìrìn kejì, èyí tó ń lọ ẹ̀yìn afárá, ó rìn gba ìdí pẹpẹ onírin tó kẹ́yìn bí ẹni ń wá nǹkan tó sọ nù. Búrẹ́dì ibẹ̀ ṣì gbóná, abẹ́ wọn ṣì rọ̀. Ó fi orí ìṣáná gún abẹ́ wọn, ihò kéékèèké mẹ́ta mẹ́ta, títí tó fi gún gbogbo ohun tó wà lórí pẹpẹ náà. Bí Dírẹ́bà bá ń pààrọ̀ wọn lójú ọ̀nà, èyí tó máa dé ṣọ́ọ̀bù kò ní ní ihò. Kò wọn ọ̀kankan nínú wọn, nítorí pé wọ́n gbóná.

Ọ̀sán, ó wọ ọkọ̀ lọ sẹ́yìn afárá. Ní ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́, ó mú búrẹ́dì kan, ó yí i dà. Ihò mẹ́ta wà níbẹ̀. Ó yí òmíràn dà. Ihò mẹ́ta. Obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù ń wò ó.

"Àǹtí, ṣé ẹ fẹ́ ra búrẹ́dì ni àbí ẹ fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò bí ọmọ tuntun?"

"Ẹ má bínú. Mò ń wo abẹ́ rẹ̀ ni."

"Orí rẹ̀ là ń jẹ́ kí àwọn èèyàn wò níbí o."

Ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì, ó lọ sí ẹ̀kẹta. Kò rí èyí tí kò ní ihò. Ọkàn rẹ̀ fúyẹ́, ó fẹ́ẹ̀ kọrin. Ọkọ-rẹ̀-kékeré kò pààrọ̀ nǹkan kan. Ìgbà yẹn ló rí òṣùwọ̀n kékeré tí ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù kẹta náà fi ń wọn ṣúgà lórí káńtà. Ó bẹ̀ ẹ́ kó bá òun gbé búrẹ́dì kan lé e.

Irínwó ó lé ọgọ́ta. Ó mú òmíràn. Kò tó bẹ́ẹ̀ pàápàá.

Ẹni tí kò fẹ́ràn láti ronú ì bá sọ pé òṣùwọ̀n ṣúgà kò dára. Àǹtí Abọ́ náà kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀, ó sì ra ṣúgà kan tí wọ́n ti dì ní ilé iṣẹ́ ṣúgà, ó wọ̀n ọ́n. Ó pé. Ó wá dúró níwájú káńtà pẹ̀lú búrẹ́dì lọ́wọ́, kò lè lọ, kò lè bọ̀. Búrẹ́dì yìí ni òun gún láàárọ̀. Kò sí ẹni tó pààrọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, fífúyẹ́ ló ti fúyẹ́ kúrò nílé iṣẹ́, lójú òun, lábẹ́ ìpíndọ́gba òun.

Láàárọ̀ Sátidé, ó tètè dé, ó lọ bá ọkùnrin tó ń po ìyẹ̀fun. Bàbá Ìyẹ̀fun ni wọ́n ń pè é nítorí pé irun rẹ̀ kì í dúdú àfi lọ́jọ́ ìsinmi.

"Bàbá, ẹ̀rọ tó ń gé ìyẹ̀fun pípò yìí, ṣé bákan náà ló ń gé e láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí?"

Bàbá Ìyẹ̀fun wò yíká kó tó fèsì. "Ta ló rán ọ?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi."

"Bí ẹnu ẹ̀rọ bá kún, ìyẹ̀fun tó wà lókè ń ti tìsàlẹ̀, gígé rẹ̀ á wúwo. Bó bá ti ń tán lọ, kò sí ohun tó ń tì í mọ́. Á máa gé e tín-ín-rín. Ó ti tó ọdún kan báyìí tí irin inú rẹ̀ ti jẹ."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?"

"O ò bi mí. Ìgbà gbogbo tí mo bá sún mọ́ tábìlì rẹ, o máa ń ní kí n má fara tì í."

Ó wá yé Àǹtí Abọ́. Èyí tí wọ́n bá kọ́kọ́ gé ló ń kọ́kọ́ wọ ààrò. Èyí tó bá kọ́kọ́ wọ ààrò ló ń kọ́kọ́ tutù. Èyí tó bá kọ́kọ́ tutù nìkan ni òun ń wọ̀n. Gbogbo ẹlẹ́rìí tó ti ń pè láti ọdún kan yìí wá, ilé kan náà ni wọ́n ti ń wá. Òṣùwọ̀n kò parọ́ rí. Ọwọ́ tó ń mú búrẹ́dì ló ń ṣe ojúsàájú, ọwọ́ tirẹ̀ sì ni.

Ó gé ìwé wẹ́wẹ́, ó kọ nọ́ńbà sí wọn, nọ́ńbà kan fún àwo búrẹ́dì kọ̀ọ̀kan láti orí pẹpẹ àkọ́kọ́ dé èyí tó kẹ́yìn.

"Bàbá, ẹ yá mi ní fìlà yín."

"Fìlà mi? Ìyẹ̀fun kún inú ẹ̀."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Mi ò fẹ́ rí ohun tí mò ń mú."

"Ṣé o ò lè fọwọ́ ara rẹ mú u ni?"

"Mi ò gbà á gbọ́ mọ́."

Ó da àwọn ìwé náà sínú fìlà, mọ́kànlélógún ló sì fà jáde, kí ẹyọ kan ṣoṣo lè bọ́ sí àárín: mẹ́wàá lápá kan, mẹ́wàá lápá kejì. Ó mú búrẹ́dì kan nínú àwo tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sọ, ó dúró títí gbogbo wọn fi tutù, ó wọ̀n wọ́n, ó sì tò wọ́n sórí tábìlì gígùn láti èyí tó fúyẹ́ jù dé èyí tó wúwo jù. Àwọn tó ń di búrẹ́dì sínú ọ̀rá ń wò ó, wọ́n ń tọ ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ọ̀gá wọlé, Dírẹ́bà tẹ̀ lé e, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọkùnrin náà ti gbọ́ pé wọ́n máa gbà á lọ́wọ́ òun.

"Kí lèyí?" ọ̀gá bèèrè.

"Àwọn ẹlẹ́rìí ni, sà. Kì í ṣe Dírẹ́bà. Láti ibí ló ti fúyẹ́."

"Kí ni ìpíndọ́gba wọn?"

"Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta dín mẹ́wàá."

"Ó ku díẹ̀ ni nígbà yẹn! Gíráàmù mẹ́wàá lo wá dúró lé lórí?"

"Àwọn mélòó kan tó wúwo jù ló gbé e sókè, sà. Ẹ wo èyí tó wà láàárín. Irínwó ó lé ọgọ́rin ni. Gbogbo àwọn mẹ́wàá tó wà lápá òsì rẹ̀ kò jù ú lọ. Àwọn tó fúyẹ́ jù, orí pẹpẹ tó kẹ́yìn ni gbogbo wọn ti wá, búrẹ́dì ibẹ̀ ló sì ń lọ ẹ̀yìn afárá. Oníbàárà kan kì í ra ìpíndọ́gba, sà. Búrẹ́dì kan ló ń rà."

Ọ̀gá kò wo tábìlì pẹ́. Àǹtí Abọ́ ṣàkíyèsí pé kò yà á lẹ́nu. Bàbá Ìyẹ̀fun ń wo ilẹ̀.

"Báwo lo ṣe mọ̀ pé kò pààrọ̀ wọn?" ọ̀gá bèèrè.

Kò sí ọ̀nà tó lè gbà sọ ọ́ tí ọmọkùnrin náà kò ní gbọ́. "Mo sàmì sí abẹ́ wọn lánàá. Mo tẹ̀ lé wọn dé ṣọ́ọ̀bù. Àmì náà wà níbẹ̀."

Dírẹ́bà yíjú sí i. "Ìyàwó wa, ẹ̀yin lẹ sàmì sí búrẹ́dì nítorí mi?"

"Àmì náà ló gbà yín sílẹ̀."

"Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó sàmì, kí lẹ rò?"

Ọ̀gá ní kí Dírẹ́bà mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, kó lọ gbé ẹrù. Ó ní kí wọ́n kó búrẹ́dì orí tábìlì kúrò kí ẹlòmíràn tó wọlé.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọ̀gá mú Àǹtí Abọ́ kúrò nídìí òṣùwọ̀n, ó fi í sídìí ọ̀rá. Ó ní ẹni tó ti ń ṣi ìwọ̀n fún ọdún kan, ìdí ọ̀rá ló yẹ. Ìbátan ìyàwó ọ̀gá ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ibi tó ti ń di ọ̀rá ni Àǹtí Abọ́ ti gbọ́ ohun tí ọ̀gá kọ́kọ́ kọ́ ọmọbìnrin náà: "Èyí tó ti tutù ni kó o máa wọ̀n. Orí pẹpẹ tó wà lẹ́bàá fèrèsé ni wàá ti máa mú un." Wọn kò tún ẹ̀rọ ṣe. Àǹtí Abọ́ bi Bàbá Ìyẹ̀fun lẹ́rẹ̀ẹ́kan bóyá ọ̀gá ti mọ̀ nípa irin tó jẹ yẹn tẹ́lẹ̀.

"Búrẹ́dì tí wọ́n ń gbé lọ sílé ọ̀gá," Bàbá Ìyẹ̀fun dáhùn, "èmi ni mo máa ń mú un. Pẹpẹ tí wọ́n ní kí n ti máa mú un, ìwọ náà mọ̀ ọ́n." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn kan ní wọ́n lé Àǹtí Abọ́ kúrò níbi iṣẹ́. Ìyẹn náà kò rí bẹ́ẹ̀. Fúnra rẹ̀ ló kúrò nígbà tí oṣù parí. Dírẹ́bà ṣì ń wa mọ́tò. Ó bí ọmọbìnrin, Àǹtí Abọ́ sì lọ bá wọn wẹ̀ ẹ́. Àmọ́ bí ọmọkùnrin náà bá wá sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí wọ́n gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, tó bá jẹ́ búrẹ́dì ni, á kọ́kọ́ yí i dà.

"Mò ń wò ó bóyá wọ́n fura sí mi lónìí," á wí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á sì rẹ́rìn-ín.

Obìnrin náà máa ń dìde lọ bu omi wá.

Ilé iṣẹ́ ọṣẹ tó wà lẹ́yìn ọgbà tí wọ́n ti ń tún mọ́tò ṣe ni mo gbọ́ pé ó wà gbẹ̀yìn. Ìdí òṣùwọ̀n ni wọ́n fi í sí, ní tábìlì tó wà lápá òsì bí ènìyàn bá ṣe ń wọlé.